Irin Ẹ̀ẹ̀tì Tí Mo Gé

Raheemat ni orúkọ mi. Mi ò ní kọ orúkọ bàbá mi síbí, torí wọ́n ṣì ń lọ kírun ní mọ́sáláṣí ní Ìkirè, wọ́n ṣì ń jókòó sáàárín ẹgbẹ́ wọn, ojú tí àwọn èèyàn fi ń wò wọ́n sì ti tó wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, mi ò ní kí ẹ ṣàánú mi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí léèrè, irọ́ ni mo pa. Ní báyìí tí ẹnikẹ́ni ò bi mí mọ́, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní iléèwé tẹ́kíníkà, iṣẹ́ iná ni mo sì ń kọ́. Àwa mẹ́rìndínlógún la wà ní kíláàsì, èmi nìkan ni obìnrin. Bàbá mi kò fẹ́ ẹ. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, wọ́n ní ọkùnrin wo ló máa fẹ́ obìnrin tó ń gun àkàbà kiri. Ìyá mi, tó ń din dòdò tà fún àwọn arìnrìn-àjò lẹ́bàá títì, ló bá mi bẹ̀ wọ́n.

Mo mọ iṣẹ́ náà. Ọwọ́ mi yá. Kí ọkùnrin tó dé orí àkàbà, mo ti de waya mi tán. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí jẹ́ nìyẹn, pé gbogbo ènìyàn ló máa ń sọ pé ọwọ́ mi yá.

Ọ̀gá Ògúnjìnmí ló ń kọ́ wa. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Iná ti gbé wọn rí nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ìka méjì lọ́wọ́ òsì wọn kò sì nà mọ́. Wọn kì í pariwo, wọn kì í na ènìyàn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan iná sílé onílé láìjẹ́ pé ó ti wọn ẹ̀ẹ̀tì, kó sì kọ nọ́ńbà tó rí sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀. Irin gígùn kan wà tí a máa ń gbá wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó máa ń gùn tó ọmọ ọdún méje. Waya kan á ti ara rẹ̀ wọ inú ilé, á kan gbogbo ohun èlò onírin tó ń lo iná. Bí iná bá já sí ara pọ́ńpù tàbí ara fíríìjì, irin yẹn ló máa gbé e lọ sínú ilẹ̀. Bí irin náà kò bá wọlẹ̀ dáadáa, ara ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan náà ni iná máa gbà kọjá.

Mo mọ èyí. Mo mọ̀ ọ́n débi pé èmi ni mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó kù nígbà tí Ọ̀gá kò bá sí ní kíláàsì.

Ní ọdún tó kẹ́yìn, Ọ̀gá a máa pín wa ní méjìméjì, wọ́n á fún ẹni méjì ní ilé gidi kan láti ṣe iná sí. Mọ́nsúrù ni wọ́n fún mi. Akólòlò ni Mọ́nsúrù, ó sì lọ́ra. Tó bá de ìdè kan tán, tó ti lọ síwájú, á tún padà wá wò ó bóyá ó dè. Inú mi kò dùn nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ mọ́ tèmi.

Ìdí ni pé ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, tó ń ṣe iná oòrùn sí àwọn ilé ńlá, ti kọ ìwé sí wa pé ẹnì kan ṣoṣo làwọn máa mú. Ọ̀gá ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá mọ́ jù, tó sì parí lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ni wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti ro nǹkan mìíràn mọ́. Mo ti ń rí ara mi nínú aṣọ iṣẹ́ wọn. Mo ti ń rí bàbá mi tí wọ́n ń fi mí han àwọn ọ̀rẹ́ wọn.

Ilé tí wọ́n fún wa wà ní Àpòmù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ló ni ín, opó ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Waya ilé náà ti gbó, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kànga tuntun, wọ́n fẹ́ kí a so pọ́ńpù mọ́ ọn.

Ọjọ́ mẹ́jọ la fi lọ síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Màmá Tíṣà ń sè fún wa. Tí àsáró bá kù nínú ìkòkò, tèmi ni. Wọ́n ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n làwọn fi kọ́ ọmọ níwèé, àwọn kò rí ọmọbìnrin tó gbá hámà rí, pé inú àwọn ń dùn.

Ọmọ wọn obìnrin, Fọláṣẹwà, náà ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Mo ń sọ pé "ẹ" fún un, ó ní kí n yé ṣe bẹ́ẹ̀, kò tíì darúgbó. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wá dúró tì mí, á máa bi mí pé kí lèyí, kí lèyí ń ṣe. Àárín wa wọ̀.

Èmi àti Mọ́nsúrù pín iṣẹ́. Ó mú inú ilé, mo mú ìta: pọ́ńpù, waya tó lọ sídìí kànga, àti irin ẹ̀ẹ̀tì.

Ọjọ́bọ̀ ni mo gbá irin náà. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Jímọ̀, ni Ọ̀gá ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wò. Mo gbá a, ó wọlẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ó sì dúró. Mo tún gbá a. Ńṣe ni hámà ń ta padà sí mi lọ́wọ́. Àpáta wà nísàlẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ṣòro láti mọ̀. Kí n yọ ọ́, kí n lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, kí n gbẹ́ ibòmíràn, kí n fa waya gùn sí i. Ìyẹn á gbà mí ní ọjọ́ kan gbáko, waya tó kù lọ́wọ́ mi kò sì ní dé ibẹ̀. A ò ní parí ní Jímọ̀.

Mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Oòrùn mú. Mo gbọ́ tí Mọ́nsúrù ń rìn lókè àjà, ó ń tún ibi tó ti dè tẹ́lẹ̀ dè. Mo bínú sí i, bí ẹni pé òun ló gbé àpáta sábẹ́ ilẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé mélòó nínú àwọn ilé tó wà ní Àpòmù yìí ló tiẹ̀ ní irin ẹ̀ẹ̀tì. Mo ní ilé tí bàbá mi ń gbé kò ní, kò sì sẹ́ni tó kú níbẹ̀. Mo ní tí mo bá dé Ìbàdàn, tí mo bá ti ń gba owó oṣù, màá padà wá tún un ṣe fún Màmá láìgba kọ́bọ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn. Mo ti ṣèlérí fún ara mi pé màá tún un ṣe.

Mo mú ayùn irin, mo gé èyí tó kù lókè kúrò. Bí mo ṣe ń gé e ni Fọláṣẹwà jáde wá láti ẹ̀yìn ilé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mò ń gé. Mo ní ó gùn jù ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó bá mi ṣeré díẹ̀, ó wọlé lọ.

Mo so waya mọ́ orí irin tó kù, mo po sìmẹ́ńtì díẹ̀, mo fi ṣe ìdí rẹ̀. Ó rẹwà. Ẹni tó bá rí i á rò pé irin náà lọ jìnnà sínú ilẹ̀.

Mítà kan ṣoṣo tí a fi ń wọn ẹ̀ẹ̀tì ni iléèwé ní, àárọ̀ Jímọ̀ ló tó kàn wá. Mo wọn ọ́n. Nọ́ńbà tó gbé jáde burú débi pé mo yára pa mítà náà kí Mọ́nsúrù tó dé. Mo mú bírò, mo kọ nọ́ńbà mìíràn sínú ìwé, nọ́ńbà tó dáa, ṣùgbọ́n tí kò dáa jù, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Mo fọwọ́ sí i. Mọ́nsúrù dé, mo ní kó fọwọ́ sí i. Ó wo ìwé, ó wo ojú mi, ó bi mí bóyá mo ti wọn ọ́n. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá dé lọ́sàn-án. Wọ́n yẹ yàrá wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n yẹ ìta wò, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi.

"Raheemat, ìwọ fúnra rẹ lo wọn ọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n na ọwọ́ sí mítà. Mo rí i tí ọwọ́ wọn kàn án. Ìgbà náà ni Màmá Tíṣà pè láti inú ilé pé oúnjẹ ti délẹ̀, kí Ọ̀gá tètè máa bọ̀ kó tó tutù. Ọ̀gá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé mítà náà fún mi pé kí n dì í sínú àpótí rẹ̀.

Bí wọ́n bá wọn ọ́n lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á kàn bá mi wí ni.

Ní oṣù kẹfà wọ́n fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Mọ́nsúrù ló kọ́kọ́ bá mi yọ̀. Ó pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ náà sọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ wọn. Bàbá mi fi fọ́tò mi sójú fóònù wọn. Mi ò rántí àpáta mọ́. Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín, mi ò rántí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹsàn-án, orí òrùlé ni mo wà ní Ìbàdàn tí fóònù mi dún. Mọ́nsúrù ni. Ó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, kò jáde. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ títí. Ó gé e, ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Sister Folasewa ti ku. Ponpu ni."

Òjò ti rọ̀ lálẹ́ àná rẹ̀. Fọláṣẹwà jí, ó tan pọ́ńpù, ó lọ sẹ́yìn ilé láti pọn omi tó máa fi wẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀ tutù, kò wọ bàtà. Iná ti já sí ara pọ́ńpù, ó gba ara páìpù onírin dé ẹnu ẹ̀rọ. Màmá Tíṣà gbọ́ tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣubú. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Kí aládùúgbò tó rí súìṣì pa, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, Mọ́nsúrù tún pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí ó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun kò tíì jẹun látàárọ̀. Ó ní òun ń rò ó bóyá òun ló de nǹkan kan lódìlódì nínú ilé, bóyá àfọwọ́fà òun ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Àwa méjì péré la wà lórí fóònù.

Mo ní, "Ṣé o rò bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú ni iléèwé pè wá. Àwọn ọlọ́pàá ti ní kí wọ́n hú irin ẹ̀ẹ̀tì náà jáde, wọ́n sì gbé e sórí tábìlì ọ̀gá àgbà. Kékeré báyìí, kò gùn ju apá mi lọ. Ojú ibi tí ayùn gbà hàn kedere. Ọ̀gá Ògúnjìnmí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn ò gbójú sókè.

Orúkọ àwa méjèèjì ló wà nínú ìwé. Ìwé náà kò sọ ẹni tó ṣe inú ilé àti ẹni tó ṣe ìta, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ da Màmá Tíṣà láàmú nínú ọ̀fọ̀ wọn láti bi wọ́n. Ọ̀gá àgbà bi wá pé ta ló ṣe ẹ̀yìnkùlé.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ mi láti inú ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa gbà gbọ́. Mo sì mọ̀ pé Mọ́nsúrù kò lè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Mọ́nsúrù ni, sà. Inú ilé ni mo wà."

Ó yíjú sí mi. Ẹnu rẹ̀ là. Ó ń wí "Ra... Ra...", orúkọ mi kò parí lẹ́nu rẹ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ọlọ́pàá kan ní kó fara balẹ̀, pé ẹni tí kò ṣe nǹkan kì í gbọ̀n báyìí. Nígbà tó fi máa rí i sọ pé òun kọ́, wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni.

Ọ̀gá gbójú sókè, wọ́n wò mí. Mo ronú pé wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ ojú wọn kalẹ̀. Ó dà bíi pé wọn kò fẹ́ kó jẹ́ èmi.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Mọ́nsúrù lò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ lójoojúmọ́. Iléèwé ní àwọn kò ní fún un ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ní kí Ọ̀gá Ògúnjìnmí máa lọ sílé, torí Ọ̀gá fúnra wọn ló yẹ kí wọ́n wọn ọ́n. Èmi padà sí Ìbàdàn. Mo lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Ọ̀gá wa níbẹ̀ ní òun gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kí mi kú àfaradà.

Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Màmá Tíṣà fúnra wọn pè mí. Ohùn wọn kò yí padà. Wọ́n ní kí n wá sí Àpòmù lọ́jọ́ Sátidé, àwọn fẹ́ rí mi. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n fẹ́ ṣe fún Fọláṣẹwà. Mo ra búrẹ́dì dání.

Nígbà tí mo wọlé, mo rí Ọ̀gá Ògúnjìnmí. Mo rí Mọ́nsúrù. Ọlámijù, ẹ̀gbọ́n Fọláṣẹwà ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, jókòó ti Màmá. Wọ́n ní kí n jókòó. Búrẹ́dì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọlámijù sọ pé fóònù àbúrò òun ti wà ní títì láti ọjọ́ tó ti kú, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹni bá òun ṣí i ni, torí àwọn fẹ́ kó àwọn fọ́tò rẹ̀. Ó gbé fóònù náà sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́.

Fídíò ni. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mò ń fi ayùn gé irin. Ohùn Fọláṣẹwà jáde, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ wá wo obìnrin bíi tiyín o. Raheemat, kí lò ń gé?" Ohùn tèmi náà sì dáhùn, "Ó gùn jù ni." Ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa fi han àwọn ọmọ kíláàsì òun. Ó tán.

Mo gbọ́ tí Ọ̀gá mí kanlẹ̀.

Màmá Tíṣà kò sunkún. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ó gùn jù?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: àpáta, mítà, nọ́ńbà, irọ́ tí mo pa mọ́ Mọ́nsúrù. Mo ń sọ̀rọ̀, mo ń sọ̀rọ̀, bí ẹni pé tí mo bá sọ ọ́ pẹ́ á dín kù.

Nígbà tí mo dákẹ́, Màmá ní, "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni àwọn ọmọ fi ń purọ́ fún mi. Mo máa ń mọ̀. Tìẹ ni mi ò mọ̀." Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n ti ìlẹ̀kùn.

Àwọn ọlọ́pàá mú mi. Wọ́n gbé mi lọ sílé ẹjọ́. Màmá Tíṣà kò wá jẹ́rìí, wọ́n ní ara àwọn kò gbé e, pé kí ni àwọn fẹ́ sọ tó máa jí ọmọ àwọn. Nígbà tó yá, wọ́n tú ẹjọ́ náà ká. Àwọn ará ilé wa jó. Mi ò jó. Ibi iṣẹ́ ní Ìbàdàn ti gba aṣọ wọn.

Mo ti rò pé tí òótọ́ bá jáde, gbogbo nǹkan á padà sípò rẹ̀. Kò sí èyí tó padà. Mọ́nsúrù gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é síṣẹ́. Tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ń rántí, wọn kì í rántí pé kò jẹ̀bi. Ọ̀kadà ló ń gùn ní Ìkirè báyìí. Ọ̀gá Ògúnjìnmí kò padà sí iléèwé. Wọ́n ti lọ sí oko bàbá wọn ní Orílẹ̀-Òwu. Mo lọ bá wọn níbẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú koríko. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Mo bi ọ́ léèrè. Mítà wà lọ́wọ́ mi, ìwọ ni mo bi." Wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Wọ́n ti gbé gbogbo ẹ̀bi náà ka orí ara wọn, wọn ò tiẹ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Ó yẹ kí ìtàn mi parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò sọ ní yàrá Màmá, tí mi ò sì sọ nílé ẹjọ́.

Ilé Màmá nìkan kọ́.

Ní oṣù kẹrin, kí n tó lọ sí Ìbàdàn, lẹ́yìn tí Ọ̀gá ti fọwọ́ sí iṣẹ́ wa ní Àpòmù, mo ṣe iná sí ilé kan ní Wásinmi. Èmi nìkan ni mo ṣe é. Bàbá Muideen ló ni ilé náà, wọ́n fẹ́ fi háyà. Wọ́n ní kí n ṣe pọ́ńpù àti ẹ̀ẹ̀tì. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò le. Kò sí àpáta kankan níbẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n, ó rẹ̀ mí, mo sì ti rí i pé ti Àpòmù kò ṣe nǹkan kan. Mo gé e.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti lọ bá Bàbá Muideen. Lẹ́ẹ̀kíní, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n hú u, kí n gbá òmíràn. Wọ́n ní ẹni tó pa ọmọ ọlọ́mọ kò ní fọwọ́ kan ògiri àwọn mọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí wọ́n pe ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn á pè é. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ó ti lé lọ́dún kan tí iná ti wà nílé náà, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni, pé ṣé mo fẹ́ lé àwọn ayálégbé àwọn sá ni. Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ bi mí bóyá ẹnì kan ti kú. Mo ní rárá. Ó ní kí n máa lọ.

Mo lọ bá Mọ́nsúrù ní ibùdó ọ̀kadà. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó máa ṣe é dáadáa, Bàbá Muideen sì lè gbọ́ràn sí ẹni tí mo purọ́ mọ́ lẹ́nu ju èmi lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ohun tí mo ṣe sí i, mo sì sọ ti Wásinmi fún un. Kò wojú mi. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Ó tan ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Láti ìgbà náà, mi ò mọ̀ bóyá ó lọ sí Wásinmi tàbí kò lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kúrò nídìí dòdò tí mò ń bá ìyá mi tà báyìí, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Wásinmi. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Soliat ló ń gbé yàrá iwájú, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Mo bi í bóyá ọkùnrin akólòlò kan wá síbẹ̀ láti wo iná. Ó ní kò sẹ́ni tó wá. Mo tún sọ fún un pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi tí pọ́ńpù bá wà ní títàn. Ó ní mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, pé àwọn kọ́kọ́ ń ṣọ́ra, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ó ní inú rere ni mo ní. Bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré kọjá níwájú wa, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń lọ sẹ́yìn ilé. Mo pè é. Kò gbọ́. Mo sáré tẹ̀ lé e, Soliat dì mí lápá mú, ó ń bi mí pé kí ló dé.

Nígbà tí mo fi máa dé ẹ̀yìn ilé, ọmọ náà ti pọn omi rẹ̀ tán, ó ń padà bọ̀.

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nínú yín, ẹ̀yin tí wọ́n ń sọ fún pé ọwọ́ yín yá, mo mọ̀ pé ẹ ń retí pé kí n sọ nǹkan fún yín. Ohun tí mo ní láti sọ kò pọ̀. Ẹ gbẹ́ ibòmíràn. Ọjọ́ kan péré ló máa gbà yín.

Fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní Wásinmi, nínú ilé aláwọ̀ ewé tó dojú kọ títì Ifẹ̀, tó ní yàrá mẹ́fà àti pọ́ńpù lẹ́yìn: òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa súìṣì pọ́ńpù náà kí ẹ tó jáde lọ sẹ́yìn ilé.